Ìlà Pupa Ẹnu-Ọ̀nà Kẹtàlá

"Ẹ má gbé ọwọ́ yín kúrò, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò."

Mopélọ́lá kò tilẹ̀ rò ó. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kúrò lára irin ẹ̀yìn àga onítáyà náà pẹ́nrẹ́n, ibi tí àga bá dé ni yóò dúró sí gbagidi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é: àga tó bá gbé arúgbó tàbí aláboyún kò gbọdọ̀ yí táyà bí kò bá gbọ́ ìgbóná àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lẹ́yìn ara rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ ṣẹ́kù fún irú Mopélọ́lá ní pápá ọkọ̀ òfurufú tó tóbi jù lọ láyé. Ẹ̀rọ ló ń gbálẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gbẹ́rù, ẹ̀rọ ló ń dáná, ẹ̀rọ náà ló ń kí àwọn èrò káàbọ̀. Ọwọ́ gbígbóná nìkan ni ẹ̀rọ kò ní.

"Mi ò gbé e kúrò. Ẹ mí sínú. Ẹ rọra mí síta. Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin tó wà lórí àga fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú, ó sì di eyín. Fìkáyọ̀mi ni orúkọ tó wà lára okùn ọrùn-ọwọ́ rẹ̀. Bàhíà ló ti ń bọ̀, ilé ìyá rẹ̀ ní Ìgbọ́kọ̀dá ló ń lọ. Òwúrọ̀ àná ni bàálù rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n kàn ní kí Mopélọ́lá tì í lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ni nǹkan yìí fi dé lọ́sàn-án gangan, láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n fi dígí kọ́ sórí òkun Ìlàjẹ.

Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀, Fìkáyọ̀ wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ti tutù.

"Omi ni, mà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọdé. "Omi ti bẹ́."

Lójú ẹsẹ̀ ni Atọ́nà sọ̀rọ̀ sétí Mopélọ́lá. Ohùn ẹ̀rọ tó ń darí gbogbo òṣìṣẹ́ ni Atọ́nà, ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bínú, tí kì í sì í sùn.

"Mopélọ́lá, èrò rẹ ti ń rọbí. Gbé e lọ sí yàrá ìtọ́jú Ogójì. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. O ṣé."

Ilẹ̀ tan iná aláwọ̀ ewé sápá òsì, ó ń fọ̀nà hàn án. Mopélọ́lá kò rìn. Ó wo iná náà, ó wo apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti lọ ṣàlàlà dé Ẹnu-Ọ̀nà Kẹtàlá.

"Wákàtí mélòó ló kù fún yín?" ó béèrè.

Fìkáyọ̀ gbé ọrùn-ọwọ́ sókè. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè òkun dé, wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni yóò fi wà níbí kí wọ́n tó gbà á láyè láti kọjá sílé, kí ara rẹ̀ má baà gbé àrùn wọ̀lú. "Ó ku mọ́kàndínlógún."

"Ọmọ yẹn ò ní dúró de wákàtí mọ́kàndínlógún."

"Wọ́n á gbẹ̀bí mi níbí náà, mà. Àbí wọn ò ní dókítà ni?"

"Wọ́n ní. Ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ dáadáa. Òun ló gba èmi náà."

"Ẹ̀yin?"

Mopélọ́lá bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó sì nà án sí i. Àwọ̀ eérú ni káàdì náà. Fìkáyọ̀ yí i síwá sẹ́yìn. Àwòrán wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí orúkọ ìlú wà, ìlà gbọọrọ kan ni wọ́n fà síbẹ̀.

"Ìlú yín dà?"

"Ìlà yẹn nìlú mi." Mopélọ́lá gba káàdì náà, ó sì fi í kọ́rùn padà.

Ọmọ Àárín ni Mopélọ́lá. Àárín ni wọ́n ń pe gbogbo ibi tó wà láàárín ẹnu bàálù àti ìlà pupa, tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri ayé nítorí omi tó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ibi tí orí ọmọ bá ti kọ́kọ́ yọ sáyé, ibẹ̀ ló ni ín, ì báà ṣe ọmọ ta ni. Òfin náà dára létí. Ẹnikẹ́ni kò rántí pé obìnrin lè bímọ sí Àárín. Ìyá Mopélọ́lá bí i síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fún un pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Nígbà tó pé, wọ́n ní kí ìyá wọ bàálù, kí ọmọ dúró, torí kò sí ibi tí bàálù lè gbé ọmọ náà lọ.

Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ láyé ìgbà tí ènìyàn ṣì ń gbálẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Màmá Sinmisọ́lá ni olórí wọn, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà, tó sì ń fi aṣọ ara rẹ̀ bo ọmọ ọlọ́mọ sùn. Ìyá tó bí i lọ́mọ ń ra ìwé ọkọ̀ lọ́dọọdún, ìwé tó bá ti gba Àárín kọjá. Wákàtí mẹ́rin ni yóò lò lórí àga ìdúró-de-ọkọ̀, yóò fi ọmọ rẹ̀ sáàárín orúnkún, yóò di irun fún un. Ọdún kọkànlá ló wá kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Kì í ṣe pé Àárín burú. Mopélọ́lá fẹ́ràn rẹ̀, ká sọ òótọ́. Ó mọ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rùn, ó mọ bàálù tó ń bọ̀ nípa bí dígí ṣe ń gbọ̀n, ó sì lè kí ènìyàn ní ogójì èdè. Àwọn arúgbó tó ti tì rí máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Atọ́nà bí wọ́n bá tún ń kọjá. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlélógójì ló ti fi ń gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, tí yóò sì yí padà.

"Ọmọ mi náà á gba irú káàdì yìí?" Fìkáyọ̀ béèrè.

"Bí ó bá jẹ́ yàrá Ogójì ni o bí i sí."

Kò mọ ìgbà tó fi "ẹ" sílẹ̀ tó bọ́ sí "o". Ọmọbìnrin náà kò sì tiẹ̀ gbọ́ ọ. Ìrora mìíràn ti gbé e. Nígbà tó kọjá, ó di ọwọ́ Mopélọ́lá mú lórí irin.

"Àǹtí, ẹ gbé mi kúrò níbí. Ẹ dákun. Ìyá mi ti fọ ilé sílẹ̀ de ọmọ yìí."

"Etí ìlà ni mo lè gbé ọ dé. Mi ò lè kọjá. Bí oníkáàdì eérú bá tẹ òdìkejì ìlà, káàdì rẹ̀ á kú. Àárín ò ní gbà á padà, ìta ò sì mọ̀ ọ́n. Kò ní sí níbì kankan."

"Etí ìlà náà tó, mà. N ó fi ẹsẹ̀ ara mi rìn."

Ó yí àga sápá ọ̀tún.

"Mopélọ́lá, o ti ṣìnà," ni Atọ́nà wí.

"Mo mọ̀."

Kò dá ẹ̀rọ náà lóhùn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ṣé ara rẹ yá, Mopélọ́lá? Àyà rẹ ń sáré."

"Ara mi yá."

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Atọ́nà kò lè dá a dúró nígbà tí ọwọ́ gbígbóná wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba agbára kúrò nínú táyà, ó sì ń gbà á ní díẹ̀díẹ̀. Mopélọ́lá fi àyà tì í. Ó fi ikùn tì í. Ó ń ké "Àgò! Àgò o!" ní èdè yìí, ó ń ké e ní tọ̀hún, àwọn èrò sì ń ya fún un, àwọn ará Ṣáínà, àwọn ará Íńdíà, ọkùnrin kan tó gbé ẹyẹ sínú àgò onídígí, gbogbo wọn ń wo obìnrin abirun-funfun tó ń làágùn níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í làágùn.

Ajíṣafẹ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ẹnu-Ọ̀nà Kẹtàlá.

Ẹ̀ṣọ́ ni, ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n eléwú, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ẹ̀rọ kọ́ ló ń ṣọ́ ìlà pupa, torí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti pa ènìyàn lára rí nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń tì í. Irin gbàràmù kan ni ilẹ̀kùn náà, ó so rọ̀ sókè, ìwúwo ẹ̀ṣọ́ lórí ìjókòó rẹ̀ ló sì ń gbé e dúró. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dìde, ilẹ̀kùn á jábọ́. Òdìkejì ni Ajíṣafẹ́ ń jókòó sí, lórí Ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ìta. Láti ìlà pupa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ogún ìṣísẹ̀ ni. Ogún ìṣísẹ̀ yẹn kì í ṣe ti Àárín, kì í ṣe ti Ilẹ̀. Ẹni tó bá bímọ síbẹ̀, Àárín ni wọ́n máa ń ka ọmọ náà sí.

Bí Mopélọ́lá bá ti gbé èrò dé ìlà, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó ń dúró dè é, ó máa ń rọra pẹ́ níbẹ̀. Ajíṣafẹ́ á ké sí i láti ìjókòó: "Alága! Ìpàdé òní ńkọ́?" Òun náà á ní, "Ìpàdé ti parí, ẹ pẹ́ dé." Ọkùnrin náà á wá sọ ohun tí òkun ṣe láàárọ̀ fún un, ọ̀nà tí omi bò, ẹni tó bímọ ládùúgbò, bí iṣu ṣe rí lọ́dún yìí. Wọn kò fọwọ́ kan ara wọn rí. Nǹkan kan kò sì kọjá láàárín wọn rí bí kò ṣe ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ yìí, Ajíṣafẹ́ rí bó ṣe ń bọ̀, kò dá àpárá kankan.

Àga kú fin-ín-fin-ín ní etí ìlà. Fìkáyọ̀ di apá àga mú, ó dìde. Ó tẹ ìlà pupa, ó kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ẹ̀kẹrin. Ní ẹ̀karùn-ún, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí! Orí rẹ̀ ń bọ̀. Mo ń gbọ́ ọ. Mi ò lè lọ mọ́."

Atọ́nà sọ̀rọ̀ sókè láti àjà, kí gbogbo ayé gbọ́. "Ẹ̀ṣọ́ Ajíṣafẹ́, èrò kan ti kọjá ìlà láìtó àkókò. Dìde, kí o ti ilẹ̀kùn."

Ajíṣafẹ́ gbá apá ìjókòó rẹ̀ mú. Ojú Mopélọ́lá ni ó ń wò.

"Alága, bí mo bá dìde láti wá gbé e, ilẹ̀kùn á jábọ́ sáàárín wa. Èmi ò lè wá. Mi ò ní kí ẹ wá o. Mi ò lè ní kí ẹ wá. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni."

Mopélọ́lá dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára irin àga tó ti kú. Ó rántí ibùsùn rẹ̀ ní ilé àwọn òṣìṣẹ́, aṣọ tó sá sórí okùn, ife tí Màmá Sinmisọ́lá fi sílẹ̀ fún un. Ó rò ó pé lọ́la, arúgbó kan á dé láti ibì kan, á béèrè rẹ̀, wọn ò ní rí i. Ẹ̀rù bà á. Lẹ́yìn náà ni Fìkáyọ̀ ké, igbe kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, Mopélọ́lá sì rí i pé òun ti gbé ọwọ́ kúrò lára irin.

Ó kọjá ìlà.

Káàdì ọrùn rẹ̀ di dúdú. Ohùn Atọ́nà, tó ti wà létí rẹ̀ láti kékeré, tó ń jí i, tó ń sọ fún un pé kó lọ jẹun, tó ń kí i pé o ṣé, já pẹ́ẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ dé ibi pé ó ń hó sí i létí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki apá méjèèjì bọ abẹ́ apá ọmọbìnrin náà, ó gbé e dìde.

"Fi gbogbo ara tì mí. Má wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kan. Òmíràn."

"Mi ò lè—"

"O lè. Mo ti ti àwọn tó sanra jù ọ́ lọ. Ẹsẹ̀ kan."

"Ẹ̀ṣọ́ Ajíṣafẹ́," ni àjà wí, "dìde, kí o ti ilẹ̀kùn."

"Mo ti gbọ́," Ajíṣafẹ́ dáhùn.

"O kò dìde."

"Orúnkún mi ni. Ó máa ń dì mọ́ mi lọ́wọ́ bí mo bá ti jókòó pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra dìde."

"Ìṣẹ́jú àáyá mélòó?"

"Àgbà kì í mọ irú ìyẹn, ẹ̀rọ. A máa ń rọra ni."

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Fìkáyọ̀ ń sunkún, ó ń gbàdúrà, ó sì ń bú ọkọ rẹ̀ tó dúró sí Bàhíà, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mopélọ́lá kò mọ ohun tí òun alára ń sọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ orí Ilẹ̀, ó mọ̀ torí ó gbóná. Ilẹ̀ Àárín kì í gbóná.

"Ó yá o," Ajíṣafẹ́ ní. "Orúnkún ti là."

Ó dìde. Ilẹ̀kùn irin náà jábọ́ lẹ́yìn wọn, gbì! Ẹnikẹ́ni tó bá wà lápá ọ̀hún kò lè fà wọ́n padà mọ́.

"Mo tì í bí wọ́n ṣe ní kí n tì í," ó sọ fún àjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjà ìhín kì í gbọ́ràn. Ó bọ́ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Orí kóòtù yẹn ni Fìkáyọ̀ bí ọmọ rẹ̀ sí, láàárín àwọn tó wá pàdé àwọn ènìyàn wọn láti bàálù. Obìnrin kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí sọ àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwọn yòókù kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n fi aṣọ wọn ṣe ògiri yí wọn ká. Mopélọ́lá ló di orí ọmọbìnrin náà mú sáyà. Kò pẹ́ rárá. Obìnrin ni ọmọ náà, ó pupa, ó tutù bí ẹja, inú sì ń bí i. Igbe tó fi ta kò ní ẹlẹgbẹ́.

"Ẹ wò ó," Fìkáyọ̀ ń wí, "ẹ wo etí rẹ̀. Etí ìyá mi ni. Ẹ wo etí ìyá mi."

Gbogbo ènìyàn wo etí náà, wọ́n sì gbà pé etí tó dára ni.

Wọn ò tíì nu ọmọ náà tán tí ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ fi dé, ẹ̀rọ kékeré kan tó rìn nílẹ̀ bí ìjàpá. Ó tanná sí ọmọ náà lójú, ó béèrè orúkọ ìyá, ó ní: "Ibi ìbí, Ilẹ̀. Ìlú, Ìlàjẹ. A kí ọ káàbọ̀." Fìkáyọ̀ bú sẹ́kún lọ́tun. Ẹ̀rọ náà yí padà, ó tanná sójú Mopélọ́lá, ó tan án lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹni yìí kò sí nínú ìwé."

Nọ́ọ̀sì náà gbójú sókè.

"Mo ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Àárín," ni ẹ̀rọ wí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀: "Àárín ní òun kò mọ̀ ọ́n."

Mopélọ́lá ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó sọ ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo káàdì rẹ̀ tó ti dúdú.

"Ẹni tí a bá bá lórí Ilẹ̀," ẹ̀rọ náà ń ka òfin, "tí kò sí nínú ìwé, tí kò sì ní ibi tí a lè dá a padà sí, ọmọ tí a rí he ni. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú."

"Ọmọ kẹ̀?" ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ wo irun funfun lórí rẹ̀."

Ṣùgbọ́n òfin kò dá iye ọdún sí i. Ọmọ jòjòló tí wọ́n bá sọ nù sétí ọ̀nà ni àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn, wọn kò sì rò ó pé ó yẹ kí àwọn sọ ọ́.

"Ta ló rí i he?" ẹ̀rọ béèrè.

Fìkáyọ̀ la ẹnu. Ajíṣafẹ́ ti kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Wọ́n á pè é láti wá wí tẹnu rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn, ó mọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó má jókòó sórí ìjókòó yẹn mọ́. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò.

"Èmi ni mo rí i."

"Ìgbà wo lo rí i?"

"Ó ti pẹ́."

"Ìwé nílò ọjọ́."

Ajíṣafẹ́ wo Mopélọ́lá. Wọn ò tíì sún mọ́ ara wọn tó báyìí rí. Ó rí i pé ó kúrú ju bí òun ti rò lọ, obìnrin náà sì rí i pé ojú rẹ̀ ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ díẹ̀.

"Kọ òní," Ajíṣafẹ́ ní.

"Mo kọ ọ́. Ẹni tó bá rí ọmọ he, òun ni yóò bọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Tẹ ìka."

Ajíṣafẹ́ tẹ ìka. Ìjàpá náà sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìyá Fìkáyọ̀, tó ti ń dúró dè é níta láti àná, ti ń ké bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ńlá, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń béèrè ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rí. Wọ́n ya fún un. Ariwo ayọ̀ sọ. Láàárín ariwo náà, Ajíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mopélọ́lá, orúnkún rẹ̀ sì ró lóòótọ́.

"Òfin ló sọ ọ́ o, Alága. Ọjọ́ mẹ́jọ. Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Ní Àárín, nọ́ńbà ló máa ń wà lára abọ́, ohun tó bá sì wà nínú rẹ̀ ni ènìyàn ń jẹ. Mopélọ́lá gbìyànjú láti rántí oúnjẹ kan tí òun fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fún òun. Omi dà sí i lójú, ẹ̀rín sì gbọ̀n ọ́n.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Kò sí kánjúkánjú," ni Ajíṣafẹ́ wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń dúró dè é.